Bánkọ́lé Kò Sí Lórí Òkun

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdúró dè wá, ẹ kú ìtọ́jú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí ní Woolwich, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kì í fẹ́ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Mo kí Morẹ́nikẹ́ ọmọ yín tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Mo kí àwọn ìyá ìjọ, mo sì kí àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń pè yín ní Ìyá Atukọ̀. Orúkọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Morẹ́nikẹ́, jọ̀ọ́, fún ìyá rẹ ní àga tó ní apá, kí ìwọ náà sì jókòó tì wọ́n. Má fo ìlà kankan. Mo mọ̀ ọ́, o ó fẹ́ fo.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bánkọ́lé ọmọ yín wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ kí àyà yín má bàa já. Ṣùgbọ́n kò sí lórí òkun. Kò wọ ọkọ̀ ojú-omi rí. Ọdún mẹ́ta tí ẹ ti ń retí rẹ̀ yìí, inú ẹ̀wọ̀n ló wà, ní Thamesmead níbí, níbi tí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń gbé mi dé láti ilé mi. Èmi ni mo sọ fún yín pé ó ríṣẹ́ sínú ọkọ̀. Kì í ṣe òun. Èmi ni mo gé irọ́ náà bí aṣọ, èmi ni mo rán an, èmi náà ni mo sì wọ̀ ọ́ fún yín.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ lórí fóònù. Mo gbìyànjú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí ẹ bá pè ni mo máa ń gbé e dé ọ̀fun. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹ ó ní kí ìgbì má ṣe gbé e, kí ìjì má ṣe rí i, èmi náà á sì ṣe àmín. Ta ló lè já irú àdúrà bẹ́ẹ̀ gbà lẹ́nu ìyá? Ìwé kì í ṣe àmín. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo ti sọ fún àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn àwa Yorùbá níbí pé kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde, lẹ́yìn tí Morẹ́nikẹ́ bá ti pè mí pé ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ má bínú pé mo gbé e síta. Níwájú gbogbo ìjọ wa, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a sọ di ṣọ́ọ̀ṣì ní Thamesmead West, ni mo ti jó, tí mo dúpẹ́ iṣẹ́ ọkọ̀ tí kò sí. Irọ́ tí a pa ní gbangba, a kì í tú u ní kọ̀rọ̀. Bánkọ́lé náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo bi í kí n tó mú kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni Bánkọ́lé ń ṣe. Lálẹ́, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gba orí ọkọ̀ akẹ́rù lọ, á máa gbé ọjà káàkiri ilé àwọn tó rà á. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ń wọnú. Mo bá a wí. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi mí pé iṣẹ́ mélòó ni èmi Auntie rẹ̀ ń ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mo rẹ́rìn-ín, torí mẹ́ta ni. Mo bu ọbẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́, ó lọ. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí di òní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oorun gbé e lọ lórí ìjókòó awakọ̀. Ọkọ̀ náà gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn, ó sì kọlu ọkùnrin kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin náà kú. Bàbá ọmọ méjì ni. Bánkọ́lé kò sá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. Ní kóòtù, adájọ́ ní Bánkọ́lé ti mọ̀ pé oorun ń kun òun, ọ̀nà sì wà tó lè fi dúró sinmi, kò dúró. Bánkọ́lé ní òótọ́ ni, òun jẹ̀bi. Wọ́n sì mú un lọ láti ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni ẹ pè mí. Mo dúró létí odò Thames lọ́jọ́ náà, níbi tí ọkọ̀ ńlá kan ti máa ń kó mọ́tò sọdá. Ẹ ní ẹ ti ń pe Bánkọ́lé láti ìjẹta, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọkọ̀ náà fun fèrè. Ẹ bi mí pé ariwo kí nìyẹn, mo ní ọkọ̀ ojú-omi ni. Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, ì bá dára. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Bánkọ́lé wọ̀ lọ, pé ó ríṣẹ́ tó dára, pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú agbami. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe pariwo ayọ̀. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń pe àwọn ará ilé jáde. Kí n tó dé ibi tí mo ti máa wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n ti sọ yín ní Ìyá Atukọ̀.

Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe yẹn ni mo rọ̀ mọ́. Mo ní a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nínú ìdílé wa rí, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ìka sí ilẹ̀kùn yín. Mo pè é ní àánú. Ìgbéraga ni. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà wà tó fi dé ẹ̀wọ̀n.

Irọ́ dà bí ẹran ọ̀sìn, ẹni tó bá mú un wọlé gbọ́dọ̀ máa bọ́ ọ. Aṣọ tí mo ní ó rà fún yín ní Brazil, Plumstead High Street ni mo ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù ará India kan tó máa ń pè mí ní Mummy. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí Bánkọ́lé pè yín lẹ́yìn tí mo ti sọ irọ́ mi fún un, tí ẹ ní ẹ ń gbọ́ híhó òkun lẹ́yìn rẹ̀, ariwo àwọn ọkùnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń dúró de fóònù kan náà ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè é ní òkun. Kò wá lágbára láti já a mọ́ yín lọ́wọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Morẹ́nikẹ́ sọ fún mi pé ẹ kò jẹ ẹja mọ́. Ó ní ẹ sọ pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí omi kì í bá ará inú omi ṣe ọ̀tá. Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún ní bí rédíò bá ti sọ pé ìjì ń jà níbikíbi, ẹ ó gbààwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ìjì tó ń jà ní ilẹ̀ China! Síbẹ̀ n kò sọ nǹkan kan.

Ní tèmi, mo ṣì ń lọ gbá ọ́fíìsì láràárọ̀ kí àwọn oníṣẹ́ tó dé. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ta ni kò dùn ún? Ilé mi ní Barnfield Estate wà lórí òkè, atẹ́gùn kì í sinmi níbẹ̀. Oòrùn ìlú yìí dà bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Bí ẹ bá ní kí ẹ sá aṣọ, ó ti ń dágbére. Ilé dá. Gbénga ọmọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí n rí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ̀ o, Tósìn ọmọ rẹ̀ ti wọ yunifásítì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́. Ọmọ-ọmọ èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà!

Ẹ rántí pé àbúrò wa ọkùnrin nìkan ni bàbá wa rán nílé ìwé. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà ní láíbírì. Ojú kọ́kọ́ tì mí, àfi ìgbà tí mo rí àwọn tí a jọ jókòó: ará Nepal wà níbẹ̀, ará Somalia wà níbẹ̀, obìnrin òyìnbó kan sì wà tí wọ́n bí sí Woolwich níbí, tó ti dàgbà, tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Tíṣà wa ń jẹ́ Missis Jean. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í fi àṣìṣe ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe mọ lẹ́tà ti Gẹ̀ẹ́sì tán, mo gbé Bíbélì Yorùbá mi kalẹ̀, mo ń fi ìka tọ àwọn sáàmù tí mo ti mọ̀ sórí, títí ojú mi fi là. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Nínú kíláàsì yẹn ni àṣírí mi ti tú. Missis Jean ní kí olúkúlùkù kọ nípa ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀. Mo kọ nípa Bánkọ́lé, atukọ̀. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀gbọ́n mi: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ jọ láyé mi, irọ́ ni. Tíṣà yìn mí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ní ìgbà tí ewé ń rẹ̀, kíláàsì wa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etíkun kan ní àríwá ilẹ̀ yìí, kí a lè rí nǹkan tí a ó kọ nípa rẹ̀. Etíkun náà kò dà bí ti Èkó tó jẹ́ yanrìn. Àpáta dúdú ni, ó rí ṣóńṣó bí eyín, omi ń gbá a lójú, ó ń tutọ́ sókè. Ojú sánmà wúwo. Atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ká gèlè mi lọ. Ará Somalia tí a jọ ń lọ ló bá mi dì í mú, ó ní bí ó bá lọ, Norway ni n ó ti lọ mú un.

Ilé olókùúta kékeré kan wà lórí àpáta náà. Ó ti pẹ́ gan-an. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin ìlú náà máa ń wọ ọkọ̀ onígbòkun lọ sínú òkun oníyìnyín láti pa àbùùbùtán, ẹja ńlá tí òróró rẹ̀ ń tan fìtílà gbogbo ilẹ̀ yìí nígbà náà. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń lọ, ìgbà tí ewé bá ń rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀, àwọn tó bá máa bọ̀. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà méjì ni wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Ó ga ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. A gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, olúkúlùkù ń ṣàwàdà Jónà.

Bàbá arúgbó kan ló ń fi ilé náà han àlejò. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrú, mo tẹrí ba kí n tó wọlé. Ilé ìdáná dúdú fún èéfín, ìkòkò irin kan ṣì kọ́ lórí ààrò. Lókè, yàrá kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú fèrèsé kékeré tó kọjú sí òkun, àga onígi kan sì wà níwájú fèrèsé náà. Wọ́n ta okùn yí i ká kí àlejò má bàa jókòó sí i. Apá àga náà ti jẹ wọnú, ó ń dán níbi tí ọwọ́ ènìyàn kan ti ń rà á fún ọdún gbọọrọ.

Bí Missis Jean ṣe sọ fún bàbá náà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ atukọ̀ nìyẹn. Ojú bàbá náà yí padà. Ó ní bàbá òun àti bàbá bàbá òun lọ sókun, pé ẹbí atukọ̀ kì í ṣe àlejò nínú ilé náà. Ó tú okùn náà, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó fi mí jókòó sórí àga náà. Gbogbo kíláàsì dúró sẹ́yìn mi bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ó mú ìwé ńlá kan wá, ó ní inú rẹ̀ ni àwọn ń kọ orúkọ àwọn tó wà lójú omi sí, ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà á sì máa gbàdúrà fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó bi mí ní orúkọ ọmọ náà, mo sọ. Ó bi mí ní orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. N kò ronú ọkọ̀ náà dé ibi orúkọ rí! Èyí tí wọ́n ń kọ sára mọ́tò akérò ní ilé wa ló bọ́ sí mi lẹ́nu: mo ní Ògo Olúwa ni. Ó ní kí n pè é fún òun lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní lẹ́tà, mo pè é fún un, ó kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn obìnrin tó ni àga náà. Hannah ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọọdún tí ọkọ rẹ̀ bá lọ, orí àga yẹn ló ń jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ pẹ̀lú ayọ̀, wọn á so egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà mọ́ òpó rẹ̀ kí àwọn ará ilé lè rí i láti òkèèrè. Ní ọdún kan, ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ kò dé. Ọkọ̀ mìíràn mú ìròyìn bọ̀ pé yìnyín ti fọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ṣùgbọ́n oyún wà nínú Hannah, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kó bímọ ná. Ó bímọ tán, wọ́n ní kí ọmú ọmọ náà má gbẹ. Títí òtútù fi kọjá lọ, ó ń sá aṣọ ọkọ rẹ̀, ó ń gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń kí i pé ọkọ̀ á dé. Ọmọdé kan tó ń ṣeré lójú ọ̀nà ló wá sọ ọ́ sí i létí.

Bàbá náà ní Hannah pẹ́ láyé. Kò bá àwọn obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú, kò sì jẹ́ kí wọ́n wọ ilé rẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn máa ń rò pé òkun ló ń wò láti ojú fèrèsé yẹn tó ń bínú sí. Ó ní kì í ṣe òkun. Àdúgbò ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi wà nínú ihò tí ọwọ́ obìnrin náà gbẹ́ sára àga. Mo rí yín. Mo rí yín lórí àga yín, pẹ̀lú ikùn òfìfo, ẹ ń bá ìgbì tí kò sí jà. Èmi sì ni gbogbo àdúgbò yẹn. Ìgbà tí bàbá náà bá Hannah dé orí ikú, mo dìde. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo ní sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé kò sí ọkọ̀ kankan, pé ẹ̀wọ̀n ni ọmọ náà wà. Bàbá náà bi mí bóyá ìyá ọmọ náà mọ̀. Mo mi orí pé kò mọ̀. Kò bú mi. Ó kàn gbé okùn náà, ó ta á yí àga náà ká padà bó ṣe wà, ó ní òun ń lọ gbé omi tíì kaná fún wa nísàlẹ̀.

Bí a ṣe ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó ṣàwàdà Jónà mọ́. Ará Somalia náà jókòó tì mí, ó ń fún mi ní èso dábínù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Mo wá ro Jónà náà. Òun kò jẹ́ kí ìjì pa ẹlòmíràn nítorí tirẹ̀. Ó sọ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pé nítorí òun ni.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Tósìn nígbà tó wá wò mí. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ tí a bí síbí kì í fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó wò mí, ó ní ṣé mo wá rí i, ọdún mẹ́ta ni mo fi parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, n kò sunkún, okùn àga ló wá ń pa mí lẹ́kún. N kò bá a wí. Ó sì dìde, ó fọ abọ́ mi, ó ní kí n kọ ọ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Mo lọ bá Bánkọ́lé lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n tú àpò mi yẹ̀wò, wọ́n ní kí n ṣí gèlè, ajá wọn gbóòórùn mi, mo wọlé. Ó ti rù díẹ̀, irun funfun ti yọ létí rẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo fún un. Nígbà tí mo dé ibi Ògo Olúwa, ó rẹ́rìn-ín títí wọ́ọ̀dà fi bojú wẹ̀yìn. Ó ní kí n rántí pé òun kò mọ omi wẹ̀, pé odò ẹ̀yìn ilé ìwé wọn tí kò ju orúnkún lọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun lọ. Ìgbà tí ẹ̀rín tán, ó tẹjú mọ́ tábìlì. Ó ní kí n sọ fún Màmá. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa gbé inú omi.

Ó wá sọ ohun kan tó jẹ́ pé òun ni mo gbé lẹ́tà yìí lé. Ó ní kò sí ọjọ́ tí òun kì í rí ọkùnrin náà lójú òun, bàtà rẹ̀, àpò oúnjẹ rẹ̀. Ó ní àdúrà ńlá tí Màmá ń gbà sí ìjì, tí wọ́n ń fi ebi gbà, ìdílé ọkùnrin yẹn ló yẹ kó lọ bá. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ dẹ́kun àwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì ní àdúrà kan tó kù, kí ẹ gbà á fún àwọn ọmọ méjèèjì yẹn, kí ẹ tó gbà fún òun.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tó kù nìyí. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìjọba ní bó bá ti pé, àwọn kò ní jẹ́ kó dúró ní ilẹ̀ yìí. Wọn yóò fi í sínú bàálù, Èkó ni yóò bá ara rẹ̀. Kò ní mú ẹrù wá. Kò ní sí ọkọ̀, kò ní sí aṣọ Brazil. Ó ń bẹ̀rù àtiwá sílé. Ó ní gbogbo àdúgbò ń retí atukọ̀, ẹlẹ́wọ̀n ló máa sọ̀ kalẹ̀. Ó ní bí ẹ kò bá lè rí ojú òun, òun á jókòó sí Èkó, òun á wá nǹkan ṣe. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Èmi náà mọ òwe náà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi òwe fa ọwọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin sì ni wọ́n tàn jẹ. Bí ẹ bá máa bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Bí ẹ kò bá bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mo mọ ìdí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí yín sí títí dòní má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wó yín. Kó fi agbára sí eegun yín, kó jẹ́ kí oúnjẹ bá yín lára mu. Morẹ́nikẹ́, Ọlọ́run á san án fún ọ, ìwọ tí o ka ohun tí ẹnu mi kò lè sọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kékeré àti àgbà. Gbénga kí yín. Tósìn kí yín, ó sì lo "ẹ".

Ní Sátidé tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tí lẹ́tà yìí dé ọwọ́ yín, n ó lọ wo Bánkọ́lé. Kí n tó jókòó ló máa ń bi mí pé kí ni Màmá wí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dá a lóhùn. Mo ń ní ẹ kí i, ẹ súre fún un, ẹ ní àárò rẹ̀ ń sọ yín. Èyí tí ẹ sọ níbẹ̀ àti èyí tí mo fi kún un, n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní fi nǹkan kan kún un. Bí ẹ bá ní kó máa bọ̀ nílé, n ó sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ kò fẹ́ rí i, ìyẹn náà ni n ó sọ, n ó sì jókòó tì í títí wọn yóò fi lé wa dìde. Bí ẹ bá dákẹ́, n ó sọ fún un pé ẹ dákẹ́.

Èmi ni àbúrò tí ẹ pọ̀n dàgbà, ọmọ yín,

Àbẹ̀kẹ́